Ọmọ Wa Ọlọ́dún Méjì Ààbọ̀ Kò Fẹ́ Rí Àbúrò Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Àkọ́bí mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, mo sì bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti já ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́nu ọmú, ó sì ti mọ bí a ṣe ń jókòó sórí póò. Ní báyìí, ó tún ń tọ̀ sórí ẹní, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́, bí mo bá sì ti ń fún àbúrò rẹ̀ lọ́mú ni yóò bú sẹ́kún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bu ọmọ náà jẹ lápá. Ìyá mi tí ó wá bá wa wẹ ọmọ ní kí n nà án dáadáa. Ará ilé wa kan ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, pé ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ìtọ́jú. Ohun tí ẹ ń rí lára ọmọ yín kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀mí, kì í sì í ṣe ìwà ìkà. Láti ọjọ́ tí ó ti dáyé, òun nìkan ni ó ni itan yín àti ẹ̀yìn yín, àfi bí ó ṣe jí lọ́jọ́ kan tí ó bá ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ pé ẹ̀rù ń ba òun kí ìyá òun má gbàgbé òun, nítorí náà eyín àti ẹkún ni ó fi ń sọ ọ́. Ó tún rí i pé ẹni tí ń tọ̀ sára, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ni gbogbo ilé ń gbé jó, ni òun náà bá padà di ọmọ ọwọ́ kí wọ́n lè gbé òun. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ láàrin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, bí àwọn àgbà kò bá fi kún un.

Àwọn àgbà ni mo fẹ́ bá wí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó ń wá kí ìyá ìkókó ni ó máa ń bá ẹ̀gbọ́n ọmọ ṣeré pé, "Wọ́n ti gba ìyá rẹ lọ́wọ́ rẹ!" tàbí pé, "Mo fẹ́ gbé àbúrò rẹ lọ sílé wa." Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò mọ àwàdà yàtọ̀ sí òtítọ́, ó sì gbà á gbọ́ tinútinú. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín. Níbi tí ojú bá ti ń tì yín, kí bàbá ọmọ bá yín sọ ọ́. Kí ẹni tí ó bá wọlé kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, kí ó dárúkọ rẹ̀, kí ó wá ní kí ó mú òun lọ wo àbúrò rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sí etí ìyá yín. Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu ìyá àgbà ni ọmọ ti ń gbọ́ oríkì rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń wẹ ìkókó yìí, tí ẹ ń fi òrí pa á lára, ni ẹ ń kì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nítòsí, ó ń gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kì í bẹ́ẹ̀. Ẹ máa pè é mọ́ra ní òwúrọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ ki tirẹ̀, kí ẹ fi òrí pa òun náà lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa gbé kànìnkànìn àti ìlédìí fún yín. Ní ti nínà, kò ní yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí yóò kọ́ ọ kò ju pé láti ìgbà tí ọmọ yìí ti dé ni ìyà ti ń jẹ òun.

Bí ó bá tún fẹ́ bu ọmọ jẹ, ẹ dì í mú jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sọ ní ṣókí pé, "A kì í bu ọmọ jẹ, ó ń dùn ún." Ẹ má ṣe fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbà lọ́dọ̀ wọn, kódà bí ẹ kàn fẹ́ lọ ro àmàlà ni, nítorí òkè orí ìkókó ṣì rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹ̀pà tí òun fẹ́ fi ta á lọ́rẹ lè há a lọ́fun.

Àsìkò ọmú ni ó le jù fún un. Kí ẹ tó jókòó, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fún un ní ohun tí kì í rí ní àsìkò mìíràn, bíi bèbí pẹ̀lú ọ̀já kékeré tí yóò fi pọ̀n ọ́n. Ẹ fi apá kan gbá a mọ́ra, kí ẹ pa àlọ́ fún un. Bí ó bá bèèrè ọmú, kò sí ewu níbẹ̀ bí ẹ bá jẹ́ kí ó tọ́ ọ wò, ọ̀pọ̀ wọn a sì padà sídìí eré wọn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí ìkókó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ yó, nítorí pé ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ títí yóò fi pé oṣù 6. Ní ti ìtọ̀ orí ẹní, ẹ wọ ìlédìí fún un lálẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọrin bú u.

Nígbà tí ìkókó bá sùn, ẹ fún ẹ̀gbọ́n ní bíi ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nìkan, láìsí fóònù lọ́wọ́ yín. Àwọn bàbá sábà máa ń rò pé iṣẹ́ tiwọn ni láti mú ọmọ àgbà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó sàn jù kí bàbá máa gba ìkókó lọ́wọ́ yín, kí àyè lè wà lórí itan yín fún ẹni tí ń wá a.

Ẹ ó máa gbé ìkókó lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń kọ oúnjẹ, tí ó ń rù, tàbí tí ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ sọ ti ara yín pẹ̀lú: bí ìbànújẹ́ tàbí àìbalẹ̀ ọkàn yìí bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àìsàn tí ó ní ìtọ́jú ni ó lè jẹ́, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi yóò bímọ láàrin oṣù méjì sí i. Ọmọ wa ọkùnrin jẹ́ ọdún méjì. Ṣé kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn títí ọmọ tuntun yóò fi gbó díẹ̀, àbí kí n fi í sí jẹ́léósinmi?
Bàbá kan, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Bí ó bá jẹ́ ti jẹ́léósinmi, ẹ fi í síbẹ̀ nísinsìnyí, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí ìkókó bá pé oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ yí ibùsùn rẹ̀ padà. Èmi kò fara mọ́ ti Ìṣẹ́yìn, nítorí pé ọmọ tí a mú kúrò nílé nígbà tí àbúrò ń bọ̀ yóò gbà pé wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò òun ni. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí màmá wá bá yín ní Ọ̀yọ́.

Nígbà tí ẹ bá mú un wá wo ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn gbé ìkókó dání, kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣófo láti gbá a mọ́ra. Ní ọjọ́ kẹjọ, kí òun náà wọ aṣọ tuntun, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí ó mọ̀ dáadáa tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ju kí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì yóò dí.