Ìbéèrè Òǹkàwé: Olè Inú Eré àti Ọ̀bẹ Tí Ọ̀tá Kò Ṣọ́

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí ohun kan ṣoṣo: ọ̀nà tí ẹ̀dá-ìtàn tí ó jẹ́ olè ń gbà kọlu ọ̀tá láìròtẹ́lẹ̀ nínú eré ayé àròsọ, irú eré tí olúkúlùkù ti ń gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí adarí eré ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí dáìsì sì ń dájọ́ ohun tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ ni a ó máa pè é, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Níbi tí a kò bá ti dárúkọ eré mìíràn, Dungeons & Dragons ni a ní lọ́kàn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbé olè wọ̀ nínú eré tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe, ẹ̀dà òfin ọdún 2014 ni a sì ń lò. Nígbàkúùgbà tí mo bá dúró ti ọ̀tá tí jagunjagun ẹgbẹ́ wa ń bá jà, tí mo sì fẹ́ fi dáìsì ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ kún ìpalára mi, adarí eré wa máa ń sọ pé kò ṣeé ṣe, nítorí pé ọ̀tá náà ń rí mi kedere. Ó ní ta ló ń yọ́ rìn níbi tí iná ti tàn? Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ni ẹ jàre. Àmọ́ mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ohun tí adarí eré yín ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan. Òfin àtijọ́ ni. Nígbà tí Gary Gygax àti Robert Kuntz mú olè wọ inú eré yìí ní ọdún 1975, nínú àfikún tí wọ́n pè ní Greyhawk, ohun tí wọ́n kọ ni pé bí olè bá yọ́ gba ẹ̀yìn kọlu ọ̀tá láìdún, a ó fi 4 kún nọ́ḿbà tí dáìsì rẹ̀ mú wá láti mọ̀ bóyá ohun ìjà rẹ̀ ba ọ̀tá, a ó sì sọ ìpalára rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Bí olè náà bá ti dé ipele karùn-ún, ìlọ́po mẹ́ta ni. Bí ó bá ti dé ipele kẹsàn-án, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yìn ọ̀tá ni gbogbo òfin náà dúró lé, nítorí náà ẹni tí wọ́n ti rí kò ní ohunkóhun láti gbà níbẹ̀. Ohun tí ó ń dun àwọn tí ń gbé olè wọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sábà máa ń rí i ṣe nínú ìjà kan: bí olè bá ti gún ẹni àkọ́kọ́, ariwo ti ta, gbogbo ọ̀tá ti mọ ibi tí ó wà, yóò sì di ẹni tí ń fi ọ̀bẹ aṣóró dán ohun tí àwọn jagunjagun ń fi idà ńlá ṣe wò títí ìjà fi parí.

Ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní ọdún 2000, ni ó yí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà padà. Òfin kò béèrè ẹ̀yìn mọ́. Ohun tí ó béèrè ni bóyá ọ̀tá lè gbèjà ara rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀: kí ọ̀tá má tíì múra tàbí kí ó má rí olè, tàbí kí olè àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ká a mọ́ àárín. Ìlọ́po pẹ̀lú kásẹ̀ nílẹ̀. Dáìsì olójú mẹ́fà ni a ń fi kún ìpalára dípò rẹ̀, ọ̀kan ní ipele kìíní, méjì ní ipele kẹta, ó sì ń lé ọ̀kan ní gbogbo ipele méjì-méjì títí ó fi di mẹ́wàá ní ipele kọkàndínlógún. Ẹ̀dà 2014 tí ẹ ń lò tẹ̀lé ìlànà yìí, ó sì tún mú un rọrùn sí i. Bí ẹ bá ní àǹfààní, ìyẹn ni pé òfin gbà yín láyè láti yí dáìsì olójú ogún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ mú èyí tí ó ga, dáìsì ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ tiyín. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní i, ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn tí ó jẹ́ ọ̀tá ẹni tí ẹ ń kọlù wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ẹni náà, tí kò dákú tàbí kí nǹkan mìíràn dè é lọ́wọ́, ó ṣì jẹ́ tiyín. Òfin kò sọ pé kí ẹ sá pamọ́. Kò tilẹ̀ sọ pé kí ẹ̀yin àti ẹlẹgbẹ́ yín dúró ní ìdojúkọ ara yín.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ni ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ọ̀nà tí a sì lè gbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ju òkùnkùn lọ. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogun kan tí jagunjagun yín gbé àáké sókè sí. Ó rí olè tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí ṣíṣọ́. Bí ó bá yí ojú sí ọ̀bẹ, àáké á bà á. Bí ó bá ń wo àáké, abẹ́ apá rẹ̀, níbi tí ìhámọ́ra kò bò, ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ibẹ̀ ni olè ń wò. Ẹ sọ ọ́ fún adarí eré yín báyìí, kí ẹ sì jọ ṣí ìwé òfin, nítorí mo gbà pé àwòrán yìí ni ó sọnù lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe òfin.

Ẹ kíyè sí ohun méjì kí wọ́n má bàa mú yín. Ohun ìjà yín ní láti jẹ́ èyí tí ó fẹ́ ọgbọ́n ọwọ́, bí ọ̀bẹ aṣóró, idà kúkúrú tàbí idà tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ó jẹ́ èyí tí ń bani láti òkèèrè, bí ọrun àti àkàtàm̀pó. Kùmọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Èkejì, bí ohunkóhun bá fi ìdíwọ́ sí ìkọlù yín, tí ó fi di pé nọ́ḿbà tí ó kéré nínú dáìsì méjì ni ẹ ó mú, ẹlẹgbẹ́ tí ó wà nítòsí kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń ta ọfà nígbà tí ọ̀tá kan dúró tì í máa ń bọ́ sínú èyí láìfura.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Olè mi ti dé ipele karùn-ún, idà kúkúrú méjì ni mo sì fi ń jà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ṣé mo lè fi dáìsì ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ kún ìkọlù méjèèjì? Ẹnì kan láàárín wa tí ó ti ń ṣe eré yìí tipẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn máa ń ṣe.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ nípa ìgbà tiwọn. Ní ẹ̀dà ọdún 2000, gbogbo ìkọlù tí ó bá ba ọ̀tá tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni a ń fi dáìsì náà kún, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olè fi fẹ́ràn ohun ìjà méjì. Ẹ̀dà 2008 dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo, ẹ̀dà 2014 sì sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan nínú àsìkò. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì yìí jọ ara wọn lójú rẹ. Ìyípo parí nígbà tí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìjà bá ti ṣe tirẹ̀ tán. Àsìkò ni ìgbà tí eré kan ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìwọ kò lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì ní àsìkò rẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá fẹ́ sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní àsìkò tirẹ̀, tí òfin sì fún ọ láyè láti ṣá a bí ó ti ń lọ, o tún lè fi dáìsì náà kún un, bí àǹfààní tàbí ẹlẹgbẹ́ bá wà. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ń gbé olè wọ̀ fún ọdún púpọ̀ tí kò mọ èyí.

Idà kejì kò di aláìwúlò nítorí èyí. Ká ní o nílò 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dáìsì olójú ogún kí o tó ba ọ̀tá kan. Bí ìkọlù kan ṣoṣo ni o ní, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá rí dáìsì mẹ́ta rẹ yí. Bí o bá ní ìkọlù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀kan nínú wọn yóò bà á, ìyàtọ̀ yẹn kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ọ̀bẹ kan. Ohun tí wàá fi san án ni ìgbésẹ̀ àfikún rẹ, ìyẹn ohun kékeré kan tí òfin gbà ọ́ láyè láti fi kún ìṣe rẹ ní àsìkò rẹ, èyí tí olè máa ń lò láti sá pamọ́ tàbí láti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá láìgba ọgbẹ́. Ní tèmi, màá kọ́kọ́ fi idà àkọ́kọ́ ṣá a. Bí ó bá bà á, màá fi ìgbésẹ̀ àfikún sá kúrò. Bí ó bá tàsé, màá fi idà kejì dán an wò.

Ohun kan kù tí o kò béèrè: bí dáìsì olójú ogún rẹ bá fi 20 hàn, gbogbo dáìsì ìpalára ni a ń sọ di ìlọ́po méjì, ti ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Mẹ́ta tìrẹ á di mẹ́fà, àròpọ̀ wọn sì sábà máa ń súnmọ́ 21.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé olè lè fi ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ pa egungun òkú tí oṣó jí dìde? Kò ní ọkàn, kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní ẹ̀jẹ̀.

ÌDÁHÙN: Nínú ẹ̀dà 2000, kò lè ṣe é. Wọ́n ka ìkọlù yìí sí mímọ ibi tí ẹ̀mí wà lára, wọ́n sì yọ òkú tí ń rìn, ère tí oṣó mú kí ó máa rìn, igi tí ń jà àti ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ tí kò ní eegun kúrò nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ yéni, àmọ́ ìyà tí ó fi jẹ olè pọ̀ jù: bí ìtàn bá wọ inú ibojì lọ fún ìjókòó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹni tí ń gbé olè wọ̀ á kàn máa fi ìṣọwọ́jà lásán kún iye àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Àwọn tí ó ṣe Pathfinder, eré mìíràn tí ó fara jọ èyí, ní ọdún 2009 ṣí ilẹ̀kùn náà fún òkú tí ń rìn àti ère, wọ́n sì fi ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ̀dà 2014 ti Dungeons & Dragons mú ìdènà yìí kúrò pátápátá.

Mo fara mọ́ ti ìkẹyìn yìí. Egungun kò ní ọkàn, ṣùgbọ́n ó ní oríkèé, ohun kan sì ni òògùn oṣó fi so eegun ọrùn mọ́ ti èjìká. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú á rí ibi tí ìsopọ̀ náà ti rọ̀. Ti ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ ni n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí, bí adarí eré bá ti sọ ọ́ fún gbogbo yín kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni adarí eré wa. Olè kan wà ní tábìlì wa tí ìpalára rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ó ń da dáìsì mẹ́rin lu ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà mi kì í sì pẹ́. Mo ń gbèrò láti dín dáìsì ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kù sí ìdajì. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣírò. Olè ipele karùn-ún tí ó mú idà tẹ́ẹ́rẹ́ dání, tí ìjáfáfá rẹ̀ sì ń fi 4 kún un, yóò ṣe nǹkan bí 4.5 láti ara idà, 10.5 láti ara dáìsì mẹ́ta, àti 4 yẹn: 19 ni àròpọ̀ rẹ̀ bí ó bá ba ọ̀tá. Jagunjagun ipele kan náà, tí agbára rẹ̀ ń fi 4 kún un, tí ó sì di idà ńlá mú lọ́wọ́ méjèèjì, ń ṣe 11 nígbà kan, ìkọlù méjì ni ó sì ní: 22. Olè kò jù ú lọ. Dáìsì púpọ̀ tí ń ró lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan ni ó ń mú kí ó dà bíi pé ó jù ú lọ, kò sì sí ẹni tí ń rántí ìgbà tí ó tàsé, tí àsìkò rẹ̀ sì lọ lófo. Bí jagunjagun bá pàdánù ìkọlù kan, ó ṣì ní òmíràn. Bí ẹ bá gé dáìsì olè sí méjì, kò sí ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún un tí yóò fi jà, nítorí ìhámọ́ra rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì tó ti jagunjagun.

Àtúnṣe ọdún 2024 fún yín ní ọ̀nà tí ó sàn jù. Láti ipele karùn-ún, olè lè fi dáìsì kan sílẹ̀ nínú ti ìkọlù ìyọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kí ó fi gbé ọ̀tá ṣubú, tàbí kí ó fi rìn kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ráyè ṣá a bí ó ti ń lọ. Bí olè yín bá mú èyí lò, ìpalára rẹ̀ á dín kù láìjẹ́ pé ẹ fi tipátipá gbà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ó wà nítòsí á sì rí ọ̀tá tí ó wà nílẹ̀ ṣá pẹ̀lú àǹfààní.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá tí ẹ ń darí. Ṣé wọ́n kàn máa ń dúró lójú kan títí jagunjagun àti olè fi yọ sí wọn ni? Ọ̀gá ọmọ ogun tí ó gbọ́n, tí ó ti rí ìṣe ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀kan, á fà sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jagunjagun, á sì fi ẹ̀yìn ti ògiri. Á rán ẹni méjì lọ dúró ti olè náà níbi tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan nítòsí. Á sì tan iná sí gbogbo igun tí olè lè fara pamọ́ sí. Ẹ dán an wò ní ìjókòó méjì sí i kí ẹ tó fọwọ́ kan òfin, kí ẹ sì kọ̀wé padà sí wa.