Báwo ni mo ṣe lè fi cursor rìn láàárín àkọsílẹ̀ inú LMDB (database tó ń fi iye kọ̀ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, ìyẹn key), kí n sì tún wọn ṣe?

O ní o fẹ́ ka gbogbo àkọsílẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "oja:", kí o yí iye owó àwọn kan padà, kí o sì pa àwọn mìíràn rẹ́. Cursor gan-an ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ó dà bí ìka tí o fi lé orí ìlà kan nínú ìwé.

Bẹ̀rẹ̀ transaction (àkójọ iṣẹ́ tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kó má wọlé rárá) tó lè kọ nǹkan, kí o wá pe mdb_cursor_open. Fún mdb_cursor_get ní "oja:" pẹ̀lú MDB_SET_RANGE. Yóò gbé ọ dé orí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ tó bá a dọ́gba tàbí tó tẹ̀ lé e. MDB_NEXT ni wàá máa fi tẹ̀ síwájú. Má dúró de MDB_NOTFOUND, tó ń sọ pé àkọsílẹ̀ ti tán, nìkan o: tí kọ́kọ́rọ́ kò bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "oja:" mọ́, dúró níbẹ̀. Báìtì ni LMDB fi ń tò wọ́n, torí náà "oja:10" máa ṣáájú "oja:2". Tí o bá fẹ́ kí 2 ṣáájú 10, "oja:002" àti "oja:010" ni kí o kọ.

Láti yí iye padà, lo mdb_cursor_put pẹ̀lú MDB_CURRENT, kí o sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: inú database gan-an ni iye tí mdb_cursor_get fi hàn ọ́ wà. Má kọ nǹkan lé e lórí. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o tún ẹ̀dà náà ṣe.

mdb_cursor_del ló ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, MDB_NEXT á fún ọ ní èyí tó tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́, kò ní fo ìkankan. Parí rẹ̀ pẹ̀lú mdb_txn_commit.