Ṣé ẹ̀rù ni, àbí ásímà?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ní ásímà. Láti ìgbà tí èémí rẹ̀ ti há lóru ọjọ́ kan, kì í sáré ṣeré mọ́. Gbogbo ìgbà ló ń fa ìnhélà, ọwọ́ rẹ̀ á wá máa gbọ̀n. Ó tún ń lo oògùn oníhóró montelukast lálẹ́, àlá burúkú kì í sì í jẹ́ kó sùn. Bàbá rẹ̀ ní àṣejù ni. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kì í ṣe àṣejù. Ọmọ tí èémí ti há mọ́ lọ́rùn rí yóò máa ṣọ́ àyà ara rẹ̀. Ẹ̀rù ń mú èémí yára, èémí tó yára sì lè mú kí ihò ẹ̀dọ̀fóró fún pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú peak flow meter, ike tí wọ́n fi ń wọn agbára èémí. Kí ó dìde dúró, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó fi ètè dì í pinpin, kí ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, èyí tó ga jù lẹ máa kọ sílẹ̀. Bí kò bá tó ìdá 80 nínú 100 iye tó ń fẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ásímà ni. Bí iye náà bá pé, tí àyà kò dún fíìfíì, ṣùgbọ́n tí ìka ń ta á wínníwínní, ó lè jẹ́ ẹ̀rù. Bí kò bá dá yín lójú, ásímà ni kí ẹ tọ́jú.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, salbutamol, oògùn tó ń tú èémí tó há, tó wà nínú ìnhélà, ló sábà máa ń fà á. Ó ń mú àyà lù kìkì pẹ̀lú. Ẹ fi spacer, ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìnhélà, sí i: ẹ gbọn ìnhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí nínú rẹ̀ nígbà 5, kí ẹ tó tẹ òmíràn. Láìsí i, ọ̀nà ọ̀fun ni oògùn púpọ̀ ń lẹ̀ mọ́, ọmọ á sì tún tẹ̀ ẹ́. Bí ètè bá ń dúdú, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Àlá yẹn ló kàn wá jù. Ní 2020, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára montelukast: àlá burúkú, ìbínú, ìbànújẹ́, kódà èrò láti pa ara ẹni. Ẹ pe dókítà lónìí. Ẹ má fi tìtorí rẹ̀ dá ìnhélà ojoojúmọ́ tó ń dènà ásímà dúró o.

Kí ẹ sì máa kọ iye ìgbà tó jí lóru. Ọmọ tí ikọ́ kò jẹ́ kó sùn á máa kanra lọ́sàn-án, olùkọ́ á pè é ní alágídí.