Iyùn torch tó ń yọ egungun: ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bu oògùn sómi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà iyùn. Ẹ ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí iyùn torch yín kò na ọwọ́ jáde mọ́, pé egungun ti ń yọ ní orí kan (ẹ̀ka kan tó ní ẹnu tirẹ̀), pé alkalinity (ìwọ̀n èròjà inú omi tí iyùn fi ń kọ́ egungun, dKH ni a fi ń kà á) jẹ́ 6.1 dKH nínú táǹkì 200 lítà, àti pé ẹni tó tà á fún yín ti di oògùn ìgò mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbé àwọn ìgò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ lónìí ni bóyá ikun wà lórí tó ń yọ egungun yẹn, àbí kò sí.

Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sún mọ́ gíláàsì. Bí ikun náà bá jẹ́ ti brown jelly, àrùn tó ń jẹ ẹran ara iyùn, ẹ máa rí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń fà bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tó bo ẹnu iyùn náà, tí ẹran ara sì ń yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jáde nínú omi, òórùn rẹ̀ nìkan á jẹ́ kó dá yín lójú. Ìyẹn kò ṣeé fi di ọ̀la. Ó lè jẹ orí kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́, kí omi tó ń ṣàn sì gbé ikun náà lọ bá orí kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù.

Ní tèmi, hítà ló há, tí kò pa ara rẹ̀ mọ́. Omi tó máa ń wà ní 25 tàbí 26°C gòkè dé 30. Omi tutù padà, gbogbo nǹkan sì dà bí ẹni pé ó ti parí, àfi bí mo ṣe rí ikun lórí kan tó wà láàárín. Mo fi sírínjì ńlá fà á sínú korobá, egungun funfun báláú ló kù lábẹ́ rẹ̀. Torch ẹlẹ́ka ò ṣòroó gé: bó bá ti dàgbà, ẹran ara orí kan kì í kan ti èkejì mọ́, egungun lásán ló so wọ́n pọ̀. Mo mú pílásì tí wọ́n fi ń gé egungun iyùn, mo gé àwọn tó ṣì yè kúrò, nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tí ẹran ara ò dé. Mo rẹ wọ́n sínú abọ́ omi táǹkì tí mo kán iodine sí bí ara ìgò ṣe wí, mo fi omi táǹkì mìíràn ṣàn wọ́n, mo sì gbé wọn síbi tí omi ti ń rọra ṣàn. Èyí tó ń jẹrà, mo dà á nù. Ó dùn mí, kì í ṣe owó kékeré. Àmọ́ ẹni tó bá ń retí kí orí tó ti ní jelly jí padà, gbogbo orí tó kù ló máa bá a lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, pàápàá bí zoanthid, ẹbí iyùn kan, bá wà nítòsí. Májèlé tó wà lára àwọn kan nínú wọn lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé síni lára.

Bí kò bá wá sí ikun ńkọ́? Ẹ má gé nǹkan kan. Alkalinity 6.1 yẹn nìkan tó láti mú kó ká ara rẹ̀ kò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ yẹ iyọ̀ omi wò. Omi ìdánwò 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan) ni kí ẹ fi tún refractometer yín, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn iyọ̀, tò, ẹ má fi omi lásán ṣe é, torí ó lè pe òdo dáadáa kó sì máa parọ́ lókè. Ìwúwo omi (specific gravity) 1.025 ni ẹ̀ ń wá.

Tí iyọ̀ bá pé, baking soda tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ti tó. Gíráàmù 3 nínú omi 100 lítà máa ń gbé alkalinity sókè ní bíi 1 dKH. Nínú táǹkì tiyín, ẹ po gíráàmù 3 lójúmọ́ sínú omi RO (omi tí wọ́n ti sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀), kí ẹ rọra dà á síbi tí omi ti ń ṣàn gan-an: ìyẹn á fún yín ní ìdajì dKH lójúmọ́. Tó bá dé 8, ẹ dúró. Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e lọ sí 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Iyùn tó ti ń rù kì í gba irú ìyẹn. Àkókò kan náà ni kí ẹ máa wọn omi lójoojúmọ́, torí bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ tó ń ṣú ni pH (bí omi ṣe kan sí) ń yí padà, kì í ṣe dandan kí alkalinity náà dúró sójú kan.

Ẹ má bọ́ ọ nísinsìnyí o. Edé tí kò bá lè dà á, ẹnu rẹ̀ ló máa jẹrà sí. Ẹ sì má gbé e kiri; àfi bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń ṣí, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí iná ò ti le tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí orí kan bá sì kú láìní ikun, ẹ má tètè sọ egungun rẹ̀ nù. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Bí ẹran ara bíńtín bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, orí kékeré lè hù jáde lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan.