Ṣé kí ìjọba kúkú fi wá sílẹ̀ ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọ̀rọ̀ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé lórí ìyàwó àti ọkọ yín, ẹ ṣe sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀, kò sí lẹ́tà tó sọnù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mò ń tà ní Computer Village, Ikeja. Àbúrò ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Èkó, ó ní òun ti di libertarian, pé ìjọba ò yẹ kó dá sọ́rọ̀ ọjà rárá, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Mo bi í pé ṣé ẹ̀sìn tuntun nìyẹn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àwọn èèyàn yìí, kí ni wọ́n ń wí gan-an? (Bọ̀dá Fóònù, Ikeja)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ẹ̀sìn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn máa ń wàásù bí oníwàásù inú mólúè. Ohun tí wọ́n ń sọ ò le. Ara yín, tiyín ni, ohun tẹ́ ẹ fi òógùn yín rà, tiyín ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fipá mú yín ṣe nǹkan tẹ́ ò bá ti pa ẹlòmíì lára tẹ́ ò sì jà á lólè. Ìjọba ni wọ́n wá ń fura sí jù, torí òun nìkan ló lè fipá gba owó lọ́wọ́ èèyàn ká sì máa pè é ní owó orí. Àwọn kan nínú wọn ní kí ìjọba wà, àmọ́ kó má kọjá ọlọ́pàá, kóòtù àti sójà. Àwọn kan ní kó má tiẹ̀ sí rárá, pé ọlọ́pàá gan-an, kẹ́ni tó bá fẹ́ fowó ara ẹ̀ háyà tiẹ̀. Ẹ bi àbúrò ìyàwó yín ibi tó wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, kó má lọ jẹ́ pé ìwé ẹlòmíì ló ń kà síta.

Lórí ọjà, ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù lẹ́nu wọn ni ti Hayek, ọmọ Austria tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1974. Ó kọ ọ́ lọ́dún 1945 pé iye tí wọ́n ń ta nǹkan, ìròyìn ni. Kí òjò ba tòmátò jẹ́ lápá Kánò, àwọn tó wà ní Mile 12 ò nílò rédíò, owó apẹ̀rẹ̀ á ti gbéra, ìyá oníbùkà ní Ojúẹlẹ́gba á dín tòmátò kù á fi tàtàṣé kún ọbẹ̀, ẹni tó ní díẹ̀ lápá Ọ̀yọ́ á sì tètè kó o wá Èkó torí ó ti gbọ́ pé owó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe mítìn kankan. Tí ìjọba bá wá dìde pé apẹ̀rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ, ìròyìn yẹn ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́, tòmátò kan ò ní tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kó má fi orúkọ òyìnbó dẹ́rù bà yín, wọ́n ti ń ja ìjà yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí ohun tí Hayek kọ yẹn tó jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba òyìnbó fi dandan lé iye tí wọ́n máa ta gàrí àtàwọn oúnjẹ míì l'Ékòó, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ni wọ́n fi sídìí ẹ̀. Iye tí wọ́n gbé kalẹ̀, àwọn ìyá ọjà ní kò tó ohun táwọn fi ra ọjà lóko, ká má tíì ka owó ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, gàrí wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tò síbi tí ìjọba ti ń tà á lè padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, kí ẹni tó lówó sì rí i rà lẹ́yìn ilé ní ìlọ́po. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ereko tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà l'Ékòó, tí kò kàwé, ló kọjú sí wọn. Pullen ní òun á máa san £100 fún un lóṣù kó bá òun ṣiṣẹ́. £100 ayé ìgbà yẹn o! Ó ní rárá. Lọ́dún 1945 ìjọba ká ètò náà kúrò nílẹ̀.

Tí mo bá ti sọ ìtàn yìí tán, ọ̀dọ́ libertarian á ní ẹ ò ri pé a borí. Mo máa ń ní kó fara balẹ̀. Pelewura tó borí Pullen yìí, ẹgbẹ́ ló fi borí ẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ní àṣẹ tiẹ̀. Títí dòní, ẹ kó ọjà lọ sí ọ̀pọ̀ ọjà l'Ékòó kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú, ẹ máa rí ẹni tó máa sọ fún yín pé a kì í tà á bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ ra ilẹ̀ kẹ́ ẹ wo ọmọ onílẹ̀ tó máa gba owó fáńdéṣọ̀n. Ẹ wa dánfó kẹ́ ẹ wo àgbèrò. Gbogbo ibi tí ìjọba bá ti fi sílẹ̀ nílùú yìí, ọ̀gá mìíràn ti wà níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í béèrè bóyá ìjọba pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, tí ẹni yìí bá rẹ́ mi jẹ, ṣé mo lè fi í sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Àgbàlagbà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Yaba ni mò ń gbé. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé tí wọ́n bá ti ta ilé iṣẹ́ ìjọba fún aládàáni, ó máa dáa. Wọ́n ta iná, ṣé iná wá wà? Bíìlì nìkan ló ń dé déédéé. (Bàbá Ìbejì, Yaba)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìsinmi sà. Èmi ò sí nínú "gbogbo yín" yẹn o, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ ká wo fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Láyé NITEL, ilé iṣẹ́ fóònù ìjọba, gbogbo láìnì fóònù tó wà ní Nàìjíríà ò tó 500,000, ẹ̀yin náà á rántí. January 2001 ni ìjọba ta láísẹ́nsì GSM, 285 mílíọ̀nù dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀rẹ̀ wọ́n rẹ́ wa jẹ dáadáa, SIM nìkan ju ₦20,000 lọ, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n sì ń yọ, bó jẹ́ pé "hẹ́lò" nìkan lẹ sọ. Wọ́n ní kíka owó ní sẹ́kọ́ńdì ò tíì ṣe é ṣe. August 2003 ilé iṣẹ́ Glo wọlé, ó ní sẹ́kọ́ńdì lòun á máa kà. Kò pẹ́ tó fi ṣe é ṣe fún àwọn yòókù náà, mínísítà kankan ò bẹ̀ wọ́n.

Iná ńkọ́? November 2013 ni wọ́n fà á lé aládàáni lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ méjì pín Èkó, àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé ló máa sọ èyí tó ni yín. Ẹ ò lè tú wáyà yín níbí kẹ́ ẹ lọ so ó mọ́ tọ̀hún. Wáyà ńlá tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, iye tí wọ́n máa ta iná, ìjọba ló ń fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù, láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan ní April 2024, ta lèèyàn fẹ́ sá lọ bá? Àwọn libertarian á sọ fún yín pé ìyẹn kì í ṣe ọjà, wọ́n kàn gba okùn lọ́wọ́ ọ̀gá kan fún ọ̀gá míì ni. Lórí eléyìí mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ẹ wo sólà tí àwọn ọmọ Alábà ń tà, ẹni tí tibí bá ti gbówó lórí jù fún, á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń kọ́ iṣẹ́ áàpù ní Akọka. Èrò tèmi ni pé ayé ìjọba ti ń tán lọ, VPN tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, Bitcoin tó jẹ́ owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ibi tí wọ́n bá tì, a máa gba ibòmíì. Kí lẹ rí sí i? (Ọmọ Kódù)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo gbádùn ìgboyà ẹ, o sì ní ẹ̀rí. June 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Twitter yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kúrò lórí ẹ̀, VPN ni gbogbo ọmọ Èkó ń wá títí wọ́n fi ṣí i ní January 2022. February 2021 CBN, báǹkì àpapọ̀, ní kí báǹkì má bá oníkírípítò, àwọn tó ń ná owó bíi Bitcoin, ṣe mọ́, ẹ kó lọ sí P2P, kí ẹnì kan máa tà á fún ẹnì kejì tààrà, nígbà tó di December 2023 CBN fúnra ẹ̀ yí ohùn padà. Bitcoin ọ̀hún, láti 2009 tó ti wà, kò sẹ́ni tó mọ Satoshi Nakamoto tó gbé e jáde, kò sì lè ju mílíọ̀nù 21 lọ láyé, gómìnà báǹkì kan ò lè tẹ̀ kún un. Ẹni tó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí a ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS torí wọ́n pààrọ̀ náírà, á mọ ìdí tí wọ́n fi ń yọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ta ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn? Kì í ṣe Bitcoin. Supreme Court ni, 3 March 2023, wọ́n ní kí owó àtijọ́ ṣì máa ná. Ti Twitter náà, kóòtù ECOWAS sọ lọ́dún 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe ò bófin mu. Kírípítò tó o ní, tó bá ti fẹ́ di náírà tó máa ra ìrẹsì, báǹkì wà níbẹ̀, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ, wà níbẹ̀. February 2024 ìjọba mú ọ̀gá méjì ní Binance, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra kírípítò tí wọ́n ti ń tà á, nígbà tó fi máa di March ilé iṣẹ́ náà ti yọ náírà kúrò lórí pèpéle ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù ni áàpù tó ò ń kọ́ yẹn. Ta ló máa gbé e dé orí fóònù wa? Google àti Apple ni o. Tí wọ́n bá ní rárá, kóòtù wo lo fẹ́ gbé wọn lọ láti Akọka? Ẹni tó ń tajà lórí áàpù, tí wọ́n bá ti àkáǹtì ẹ̀ pa lóru, róbọ́ọ̀tì ló máa fèsì pé o ti rú òfin wa, kò ní sọ òfin wo. Bi àwọn libertarian, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ ẹni ni, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn lọ kọ́ tìẹ. Ó dáa, lọ kọ́ Google tìẹ, a máa bá ẹ yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó bẹ́tọ̀ọ́ mu kí ìjọba fòfin de ọ̀kadà? Ọ̀kadà lọmọ mi fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. (Ìyá Ridwan, Surulere)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ridwan, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀kadà ò pa ẹlòmíì lára, kó lọ bi àwọn tó wà nílé ìwòsàn eegun ní Igbóbì. Àmọ́ òfin February 2020 àti ti June 2022, tó kan ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí Surulere yín wà nínú ẹ̀, kò ya ẹnì kankan sọ́tọ̀ nínú àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò. Àwọn Gokada, ilé iṣẹ́ ọ̀kadà orí áàpù, tó ní áṣíborí, tí orúkọ àti nọ́ńbà awakọ̀ wọn wà lórí áàpù, ọ̀kan náà ni wọ́n ka àwọn àti ẹni tó ń gba wọ́n-ọ̀n-wéè lójú ọ̀sán. Mímú ẹni tó ṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ọlọ́pàá tó ṣe é gbọ́kàn lé, kíkó gbogbo ọ̀kadà lọ fi katapílà fọ́ rọrùn ju ìyẹn lọ, ohun tí mo rò pé wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún Ridwan kó gbìyànjú iṣẹ́ dìsípáàṣì, kó máa fi báìkì gbé ẹrù jíṣẹ́ fún èèyàn, òfin ìrìnnà Èkó gbà wọ́n láàyè, kó ṣáà rí i pé ẹ́ńjìnnì báìkì ẹ̀ ò dín ní 200cc kó tó sanwó lé e.