Kọ́kọ́ wo bí owó náà ṣe máa dé ọwọ́ rẹ

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní wọ́n ti gba àṣamọ̀ (abstract) iṣẹ́ rẹ fún àpérò kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, o sì tún rí owó ìrànwọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ. O ń béèrè pé èwo ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí, àti pé ibo ni wọ́n ti ń fúnni lówó jù. Yunifásítì Ifẹ̀ yìí náà ni mo ti ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé (PhD) tèmi, lórí omi àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn kọjá ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Ìtagunmodì, lẹ́bàá Iléṣà. Owó àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni mo fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, mo ti la inú rẹ̀ kọjá. Má tíì béèrè iye owó. Béèrè ọ̀nà tí owó náà ń gbà jáde: ta ni wọ́n ń san án fún, ìgbà wo ni wọ́n ń san án, kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó san án.

Púpọ̀ nínú owó ìrìnnà àpérò tí wọ́n ń kéde, ẹ̀yìn ìrìnàjò ni wọ́n ń san án. Ìwọ lo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo máa sanwó òtẹ́ẹ̀lì, wàá kó rísíìtì jọ, ìgbà tí o bá padà dé ni wọn yóò tó dá owó rẹ padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà lè fi káàdì àwìn rà á. Ìwọ tó háyà yàrá kan ní Modákẹ́kẹ́, tó ń fi lẹ́sìnnì àwọn ọmọ WAEC gbọ́ bùkátà, níbo lo ti fẹ́ rí owó ọkọ̀ òfurufú ṣáájú? Láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì wa ti dí ọ̀nà mọ́ káàdì náírà fún ọjà òkè òkun, ọdún 2025 ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣí. Nígbà tí ìjọba sì tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tí wọ́n ní kó ná tirẹ̀ ná, kó wá gbà á padà tó bá yá, ó ní láti ní tirẹ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ ná.

Ẹgbẹ́ kan kọ̀wé sí mi nígbà náà pé àwọn fún mi lówó láti wá ka iṣẹ́ mi. Inú mi dùn púpọ̀. Mo ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé ẹ̀yìn àpérò ni owó yóò jáde. Mo fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo dúpẹ́, mo ṣàlàyé pé náírà ni owó mi, pé káàdì mi kò lè ra nǹkan lókè òkun, mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra wọn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé kò ní lé kọ́bọ̀ kan lórí ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Mo tún béèrè bóyá wọ́n lè yọ owó ìforúkọsílẹ̀ kúrò lọ́rùn mi, kí wọ́n sì fún mi ní owó oúnjẹ lọ́wọ́ tí mo bá débẹ̀. Wọ́n gbà. Ẹni tó ń ṣètò owó náà sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn. Ẹgbẹ́ mìíràn kọ̀ jálẹ̀ ní tiwọn, mo sì tètè dá a padà fún wọn kí wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Kò dùn mọ́ mi, àmọ́ owó tí mo ní láti yá owó kí n tó lè gbà, mi ò lè pè é ní ìrànwọ́.

Físà ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé wa ti ń pàdánù. Físà Schengen, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, wọn kì í dá a padà bí wọn ò bá fún ọ ní físà. Ìwé adójútòfò ìrìnàjò rẹ gbọ́dọ̀ lè gbé ìnáwó ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán. O lè fi ìwé rẹ sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, má sì dúró di oṣù tó kẹ́yìn. Lẹ́tà tí àwọn tó fún ọ lówó bá kọ, òun gan-an ni ẹ̀rí pé o lówó tí o máa fi gbé níbẹ̀, nítorí owó tó wà nínú àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi irú rẹ̀ hàn. Lẹ́tà tó kàn ní “a fi inú dídùn fún ọ ní ìrànwọ́” kò tó. Béèrè èyí tó sọ iye owó fún tíkẹ́ẹ̀tì, iye fún ilé, ọjọ́ tí àpérò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. Gba lẹ́tà mìíràn ní PG College, ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ní yunifásítì, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lo jẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n máa kéde àwọn tó rí owó gbà ṣe pàtàkì ju gbèdéke ọjọ́ ìkọ̀wé lọ. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré bá wà láàárín ìkéde àti àpérò, ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ kò ráyè físà. Kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ra fún èyí náà: ní àwọn àpérò ńlá kan, ìbéèrè owó máa ń tètè parí ju ìgbà tí wọ́n fi ń gba àṣamọ̀ lọ. Bó ṣe rí nìyẹn fún European Geosciences Union, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Yúróòpù, tí wọ́n ń ṣe àpérò wọn ní Vienna lọ́dọọdún, lóṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá dúró de gbèdéke àṣamọ̀ nínú oṣù Kìíní, owó ìrìnnà ti kọjá lórí rẹ̀.

Ní ti ibi tí owó wà, kọ́kọ́ yọ èyí tí kò kàn ọ́ kúrò. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ń rán olùkọ́ lọ sí àpérò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yunifásítì kò sí nínú rẹ̀. CARTA, àjọṣe àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà kan, tí Ifẹ̀ àti Ìbàdàn jọ wà nínú rẹ̀, tó ń ran àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìlera lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ àwọn yunifásítì náà ló wà fún. Bí wọ́n bá ti gbà ọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kékeré níbì kan, ọ̀rọ̀ yí padà, lọ béèrè kíákíá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́ pé tí wọ́n bá ń kọ̀wé fún owó ìwádìí TETFund, kí wọ́n wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ lè wọ inú rẹ̀.

Èyí tó kàn ọ́ ni owó kéékèèké tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀ka rẹ ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ẹ̀ka tiwa, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, International Association of Sedimentologists ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ní owó ìwádìí kékeré, Society of Economic Geologists náà ní tiwọn. Sigma Xi, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ń fúnni ní owó tó lè tó 1,000 dọ́là fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Bí ìmọ̀ nípa àṣà àti àwùjọ ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ bá jẹ́, àjọ Wenner-Gren ní Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí ní owó tó lè dé 25,000 dọ́là, IFRA, ilé ìwádìí àwọn Faransé tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, sì ti máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó kékeré láti fi lọ sí pápá. Owó dídi ọmọ ẹgbẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í pọ̀. San án.

Wàyí o, owó oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni àsìkò yẹn lọ́dọ̀ àwọn tó gbé owó náà kalẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òjò ni. Odò kún, kòtò tí wọ́n ti wa góòlù di adágún, ọ̀nà Àtàkúnmọ́sà di ẹrẹ̀ tí ọ̀kadà ò lè gbà. Mo rí àwọn tó kọ ìwé wọn bíi pé ẹ̀rùn ni, tí iṣẹ́ wọn sì dẹnu kọlẹ̀ ní pápá. Èmi kọ ọ́ sínú tèmi pé àwọn irin olóró bí òjé àti arsenic lè yí padà nínú omi láàárín òjò àti ẹ̀rùn, pé ìwádìí tí kò bá wọn omi nígbà òjò kò tíì parí, àti pé owó tiyín yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ti òjò. Oṣù tí ó yẹ kó ba iṣẹ́ jẹ́ wá di ìdí tí mo fi nílò owó náà. Bí iṣẹ́ tìrẹ kò bá ṣeé ṣe nínú òjò rárá, bí ìkórè kòkó ni o fẹ́ wò, èyí tó ń pọ̀ láti oṣù Kẹwàá lọ, béèrè bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú. Àwọn kan á gbà.

Ìṣirò owó rẹ ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá o ti débi iṣẹ́ náà rí. Má kọ “owó ìrìnnà” lásán. Kọ iye tí ọkọ̀ ń gbà láti Ifẹ̀ sí Iléṣà, iye tí ọ̀kadà ń gbà wọ inú oko, owó ọmọ ìlú tó máa mú ọ dé etí odò, ohun tí o máa mú lọ kí baálẹ̀. Ó tọ́, ó sì yẹ kí ohun tí a fi ń kí baálẹ̀ wà níbẹ̀, kọ ọ́ pé owó ìgbàláàyè láti wọ ìlú. Kọ ike omi, kọ nitric acid tí a ń kán sínú omi kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara ike, kọ yìnyín àti kúlà. Àyẹ̀wò omi náà ló máa jẹ owó jù. Gba ìwé iye owó lọ́wọ́ yàrá àyẹ̀wò, kí o so ó mọ́ ìwé rẹ. Ṣe gbogbo ìṣirò ní dọ́là tàbí yúrò, kí o kọ ọjọ́ tí o fi ṣírò náírà síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àkáǹtì yunifásítì nìkan ni àwọn lè san owó sí, lọ bá bọ́sárì kí o tó kọ̀wé, mọ iye tí wọ́n ń yọ àti iye ọ̀sẹ̀ tí ó ń gbà.

Ẹni tó máa ka ìwé rẹ kò mọ Iléṣà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kó ti rí ìbéèrè rẹ, ohun tí o máa ṣe, àti ohun tí owó àwọn máa rà. Omi Ọ̀ṣun tó pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn awakùsà, tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn káàkiri, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka lítíréṣọ̀ ni mo fún láti kọ́kọ́ kà á. Ibi tí kò bá ti lè sọ ọ́ padà fún mi, mo tún un kọ.

Lẹ́tà ọ̀gá rẹ ńkọ́? Wọ́n á ní kí o fi í sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kí o rán wọn létí. Ọ̀wọ̀ kò ní kí o dákẹ́. Tẹ ojú ìwé kan: orúkọ owó náà, gbèdéke ọjọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ohun mẹ́ta tí o fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu bà nínú iṣẹ́ rẹ. Lọ kí wọn láàárọ̀, “Ẹ kú iṣẹ́ sà, ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ni mo tún bá wá,” kí o fi í lé tábìlì. Bá akọ̀wé wọn náà sọ ọ́. Ṣe èyí ní oṣù kan ṣáájú. Àwọn ìwé yòókù, bí transcript, gbà wọ́n nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ṣíṣí. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, àwọn tí ìwé wọn wà ní ọ́fíìsì kò lè fi ránṣẹ́ síbì kankan.

Ra ìwé rísíìtì kékeré kan. Ọ̀kadà kì í fúnni ní rísíìtì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mú ọ dé etí odò. Kọ iye náà, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀. Èyí ni wọ́n máa bi ọ́ tí o bá ń ṣe ìjábọ̀.

Ní ti tìrẹ, kọ íméèlì sí àwọn àpérò lónìí: ṣáájú ni ẹ ń san owó ni tàbí lẹ́yìn, ṣé ẹ lè ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra yín, ọjọ́ wo lẹ máa kéde? Kí èsì wọn tó dé, bẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó ti ìwádìí náà, torí ìyẹn ló máa pẹ́. Tí o bá parí rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, mo máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.