Òkúta wo ni à ń yan níná kí a tó gé e?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tíṣà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń fi òkúta ṣe ọ̀bẹ àti ẹnu ọfà. Wọ́n ní à ń yan òkúta kó lè rọrùn láti gé, ni mo bá ṣa òkúta funfun létí odò, mo kó o sínú iná igi. Kò pẹ́ tó fi bú gbàmù, àfọ́kù rẹ̀ fò kiri. Kí ló fà á? Báwo ni kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo dúpẹ́ pé àfọ́kù yẹn ò bá ẹnikẹ́ni lójú.

Omi ló mú kó bú. Òkúta tó ti pẹ́ nínú odò máa ń gba omi sí àwọn ibi tó ti sán díẹ̀díẹ̀ tí ojú wa ò rí. Bí iná bá ká a mọ́ lójijì, omi náà á di ooru, kò ní rọ́nà jáde, á sì la òkúta náà tipátipá. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ẹ sá a gbẹ, iná ò ní ṣe é lóore kan tó gúnmọ́. Quartz ni. Bí ó bá gbóná kọjá 573°C, ara rẹ̀ á wú lẹ́ẹ̀kan náà, á sì sán.

Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, títí dé Àgọ́-Ìwòyè, orí àpáta líle ni ilẹ̀ wà, irú òkúta funfun bẹ́ẹ̀ ò sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ má yan án, ẹ sáà gbé e lé orí òkúta ńlá, kí ẹ fi òmíràn tó tó ọmọ ọlọ lù ú lórí, kí ẹ wá ṣa èyí tí ẹnu rẹ̀ mú. Ní Ìwó Elérú lẹ́bàá Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti wú ilẹ̀ ní 1965, quartz wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà láéláé fi ṣe irinṣẹ́ wẹ́wẹ́. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù fún sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀ rọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ kì í mú.

Akọ òkúta tí wọ́n ń pè ní flint ni à ń yan, irú èyí tí àwọn ọdẹ ń há sára ìbọn ṣakabùlà kó lè ṣáná. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò ní hóró. Kódà, èyí tó dára gan-an nínú rẹ̀ kò nílò iná. Èyí tó bá ń ṣe agídí láti gé ni kí ẹ yan. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Ní Pinnacle Point, etí òkun Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti ń yan òkúta tó ń jẹ́ silcrete kí wọ́n tó gé e ní nǹkan bí 72,000 ọdún sẹ́yìn.

Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ́kọ́ là á sí pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju ìka méjì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Oòrùn nìkan ò tó. Ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí wọ́n ti ń yan gàrí, níbi tí ooru ti ń rọra fẹ́ sí i, fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbẹ́ kòtò, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i, ẹ to òkúta náà kí wọ́n má kan ara wọn, ẹ fi iyanrìn tó nípọn tó 5 cm bò wọ́n, kí ẹ dáná lé e lórí. Iná kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi igi kún un díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. 250 sí 300°C tó fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má hú u títí di ọjọ́ kejì, ẹ má sì da omi sí i, torí òtútù òjijì ń la òkúta bí iná òjijì ṣe ń là á.

Kí ẹ tó sin wọ́n, ẹ hó àfọ́kù kan kúrò lára ọ̀kan. Lẹ́yìn iná, ẹ hó òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú àkọ́kọ́ á ṣì ṣú, ojú tuntun á máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Bí irin bá wà nínú òkúta náà, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ lè di pupa. Á rọrùn láti hó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á tètè kán. Nítorí náà, òkúta tí ẹ fẹ́ fi ṣe àáké, ẹ má yan án.

Ní ti àwọn ọmọ, ìdí ìgò ni kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Kò nílò iná. Kí olúkúlùkù wọn lo awò tí àwọn wẹ́dà fi ń bo ojú, kí wọ́n tẹ́ awọ tó nípọn sórí itan, kí wọ́n sì jókòó síta gbangba níbi tí atẹ́gùn wà, nítorí eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pátápátá. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá a.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí ọmọ kan bá gbé ẹdùn àrá wá láti oko, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná kàn án tàbí kí wọ́n tún un gé, torí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́ ni. Àfọ́kù tiyín náà, ẹ sin ín sójú kan, kí ẹ fi ìdérí ìgò mínírà sí i, kí ẹni tó bá wú u lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé iṣẹ́ ayé òde òní ni.